Ohun Tí Dókítà Sọ Gan-an

Irọ́ tí Sakeenah pa lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn kò ṣeé gbé mọ́. Òní ló máa sọ ọ́, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Dókítà gbé fọ́tò orókún ọkọ rẹ̀ síwájú, ó ń bá a sọ Faransé: "Madame, ohun tí mo kọ síbí nígbà yẹn ni pé monsieur, ọkọ yín, ò fẹ́ kí n rán orókún rẹ̀. Kí ló dé tó fi kọ̀?"

Sheriffdeen ọkọ rẹ̀, tó ń ta táyà ní àdúgbò Oloumi, tí Faransé tirẹ̀ ò kọjá "bonjour, patron", yíjú sí i. "Kí ló wí?"

Ibo ni Sakeenah fẹ́ sá gbà? Àdúgbò Nkembo níbí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti fi Faransé kàwé. Òun ni ẹnu ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì ìlú yìí, ẹnu ọ̀hún náà ló sì fi dà á.

"Bàbá Ashraf, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ìgbà tí orókún yín yí nídìí táyà, tí tìmùtìmù inú rẹ̀ ya, ọ̀nà méjì ni dókítà là sílẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibi tó ya, tí òun bá rán an, á jinná. Ẹ máa fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò ní lóṣòó fún oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n orókún á bá yín kalẹ́. Tí òun bá gé e dànù, ẹ máa tètè rìn, àmọ́ tó bá yá, egungun á máa ha egungun. Èmi ni mo ní gígé nìkan ló wà."

"Nítorí kí ni?"

"Màmá yín ní tó bá máa pẹ́, àwọn á rán ìyáálé mi wá láti Ṣakí kó wá tọ́jú yín. Mo mọ̀ pé tó bá dé, kò ní padà. Ìwà ìkà ni. Èyí tó burú jù ni pé ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kò sí ọ̀nà míì, mo sì fi Ọlọ́run búra."

Orí àga ni Sheriffdeen ti ń kírun báyìí, á sì máa ṣàdúrà fún ìyàwó tó ń bá a túmọ̀. Àdúrà yẹn ló ń dun Sakeenah jù.

Ó kúnlẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ ò lè ṣe mọ́. "Ẹ foríjì mí."

"Dìde. Sọ ọ́ fún dókítà bó o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́ ní Faransé, gbogbo rẹ̀. Ojú dókítà ni Sheriffdeen ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn, kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyàwó òun ń sọ.