Omi Tí Mo Fi Wọn Omi Ilé Wa

Ohun kan wà lọ́kàn mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Àǹtí Bùsọ́lá tí a jọ ń gbé ilé kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mi ò ríṣẹ́, mo kan àpótí kékeré kan tí mo fi ń yẹ omi wò nílé wa ní Òkè-Àfà. Iná kékeré wà nínú rẹ̀, fóònù mi ló sì ń ka àwọ̀ bébà tí mo bá kì bọ omi. Omi díẹ̀ ló ń lò, kì í sì í fi kẹ́míkà olóró sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí ṣálángá bá ti jò sínú omi, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní náítíréètì máa ń wà níbẹ̀, bébà á sì pọ́n.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí omi tó mọ́, èyí tí yóò máa fi wọn ìyókù. Omi inú ọ̀rá tí ìyàwó onílé, Ìyá Wàsíù, ń tà lẹ́nu géètì ni mo lò. Mo wá yẹ omi kànga ẹlẹ́rọ wa wò. Kò sí ìyàtọ̀. Mo sọ fún gbogbo ilé pé omi wa dára.

Lẹ́yìn náà ni mo bi Ìyá Wàsíù níbi tí wọ́n ti ń ra omi ọ̀rá náà.

"Rà kẹ̀? Kànga yìí náà ni. A kàn ń gbé e lọ dì sínú ọ̀rá ní àdúgbò Ailegun ni. Ìwọ sáyẹ́ńtíìsì, ta lo rò pé ó ń pọn ọ́n wá, ẹja?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti fi omi kan náà wọn ara rẹ̀.

Mo lọ ra omi tí wọ́n ń rọ sí bátìrì mọ́tò ní Òṣòdì, èyí tí kò ní ohunkóhun nínú, mo sì fi í tún omi kànga wa yẹ̀ wò. Bébà pọ́n.

Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní àyẹ̀wò ẹyọ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ṣe òmíràn. Wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà Omi, ojú sì ń tì mí. Láti ọjọ́ náà, èmi ò mu omi yẹn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé ó ti pa ẹnikẹ́ni lára. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lè léwu fún ọmọ ọwọ́, síse ò sì ní mú un kúrò.

Mo ra omi láti ibòmíràn fún Àǹtí Bùsọ́lá. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀, omi tí mo rà ni wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ. Omi kànga ni wọ́n fi ń po mílíìkì.

"Ẹ̀rọ ẹ ti yẹ tiwa wò," ni wọ́n wí. "Ta ló yẹ èyí tó o rà wò?"

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún Àǹtí Bùsọ́lá ní ìkọ̀kọ̀, àbí kí n pe gbogbo ilé jọ, kí n ki bébà bọ omi níṣojú wọn? Èyí tó bá yá jù ni kí ẹ sọ fún mi. Ọmọ náà tún máa jẹun ní ìrọ̀lẹ́ yìí.