Káfúrà Tí Mo Fọ́n Sábẹ́ Ilé Màmá

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá rántí ajá kékeré yẹn, ojú ṣì máa ń tì mí títí dòní. Síbẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ ná, torí ọpẹ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Rosettenville, ládùúgbò àwọn òyìnbó ní gúúsù Áfíríkà, ni mò ń gbé, lọ́dún tó ṣáájú ìdìbò ńlá tí àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ dì. Opó ni Màmá onílé mi, arúgbó Pọtogí tí kò bímọ. Pikó, ajá rẹ̀ tí kò ju ológbò lọ, ni ọmọ, òun náà ni ọkọ. Àní orí àga ló ń jókòó! Èmi ọmọ Iléṣà, n ò rírú ẹ̀ rí, mo sì máa ń pòṣé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fún adúláwọ̀ ní yàrá ládùúgbò yẹn nígbà náà? Màmá fún mi. Ó tún ní kí n máa kó léèsì tí mò ń tà sí yàrá abẹ́ ilé. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: "Ọmọ mi, máa ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ o. Pikó ò lè rí nǹkan nílẹ̀ kó má fẹnu kàn án."

Kòkòrò wà níbẹ̀. Kí ni mo ṣe? Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe nílé ni: mo ra káfúrà, àwọn róbótó funfun olóòórùn yẹn, mo fọ́n ọn sáàárín aṣọ, àwọn kan sì bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ké pè mí lókè, mo sáré gòkè, mo gbàgbé ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà, Pikó ti wà níbẹ̀, ó ń pọ́nu lá. Mo lé e jáde, mo gbálẹ̀, mo sì panu mọ́. Háà, èmi yìí! Ṣé báyìí la ṣe ń san oore?

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ajá ń bì, ó ń gbọ̀n. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó ní, "Kí ló jẹ?" Màmá ní búrẹ́dì ni, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè dẹni tí ò nílé. Bí mo bá dákẹ́, Pikó á kú. Ni ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu mi: "Káfúrà mi ló jẹ. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀." Dókítà sáré wá oògùn. Màmá ò wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní Pikó máa yè. Mo yọ̀, àmọ́ mo ti ń di ẹrù mi. Ni Màmá bá sọ̀kalẹ̀ wá bá mi lábẹ́ ilé, ó ń wọ́ àpótí irin ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó sì fi àgádágodo lé mi lọ́wọ́. "Kó káfúrà rẹ sínú èyí. Eish, o pẹ́ kó o tó sọ ọ́, àmọ́ o sọ ọ́." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran kékeré, ẹ yẹ abẹ́ ilé yín wò: káfúrà, oògùn eku, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tì pa. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́. Títí mo fi kúrò nílé Màmá, orí ẹsẹ̀ mi ni Pikó máa ń sùn sí, n ò sì pòṣé mọ́.