Irin Tí Mo Yọ Lára Ayùn

Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó wọ́ ju báyìí lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé òótọ́ yìí mì, kò dà nínú mi. Èmi tí ẹ ń pè ní Ọ̀gá Onífẹ̀ẹ́, èmi ni mo sọ Bàbá Jẹ́jẹ́ tó jókòó síwájú yín yìí di oníka mẹ́jọ.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹlẹ́nu dídùn. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àga yìí, tí màá ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ yín o, ọmọ ìyá ni gbogbo wa!" Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sọ fún ìyàwó mi nílé, ṣùgbọ́n mi ò gbálẹ̀ fún un rí, n kì í sì í béèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ orí ahọ́n! Ahọ́n dídùn kì í kúkú gbálẹ̀ ilé.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ká ṣe ọ̀ọ́dúnrún àga láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń dá ṣiṣẹ́ nídìí ayùn oníná. Mo yọ irin tó ń bo eyín ayùn náà, kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní, "Ọ̀gá, ohun tí ẹ ṣe yìí léwu o. Ẹ jẹ́ ká dá irin yẹn padà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é ni, àwọn ọmọ yẹn á kàwé jáde lórí ìdúró." Ó mirí, ó tẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, pákó ta, ó fa ọwọ́ rẹ̀ wọ ayùn. Ìka méjì lọ. Bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ọsibítù, ṣé mo tẹ̀ lé yín? Ayùn ni mo sáré lọ bá! Mo dá irin padà, mo dè é pinpin. Nígbà tí Màmá tó ni ilé iṣẹ́ yìí dé, mo ní, "Bàbá ló yọ irin. Mo kìlọ̀ títí, kò gbọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà." Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó burú jù nìyí: èmi ni mo mú lẹ́tà náà lọ bá a lórí ibùsùn ọsibítù. Kó tó ṣí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé tí ẹ wá wò mí."

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀. Ìyàwó mi ló ń wẹ̀ mí, tó ń fi ṣíbí bọ́ mi. Kò sọ pé òun fẹ́ràn mi. Ó kàn ń ṣe é ni. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́bàá ilé ìwẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni! Ìyàwó mi pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì sọ fún un pé mo máa ń ṣubú. Ó wá ń kan igi gbọọrọ mọ́ ògiri, kí n lè máa dì í mú rìn. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé mi ò mọ̀ ni? Ṣebí èmi ni ayùn gé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo sọ. Ta ló gbọ́? Mo bínú ọdún méjì gbáko, ó sì rẹ̀ mí. Ẹ di igi yìí mú, ká wò ó bóyá á gbà yín."

Ìyàwó mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ inú yàrá ò tó. Ibi tí ẹ ti bà á lórúkọ jẹ́ ni kí ẹ ti tún un ṣe." Òun ló wọ bàtà sí mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí, tó mú mi wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá, mo dúpẹ́, ọpẹ́ mi ò lópin. Màmá, èmi ni kí ẹ dá lẹ́bi; ẹ dá orúkọ Bàbá padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá di ọ̀gá, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì fi mí kọ́gbọ́n: ẹ má dúró di ìgbà tí ara yín bá rọ kí ọkàn yín tó rọ̀.