Róbà Ló Sán, Mo Ní Ojú Ìyá Ológì Ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ara sì tù mí débi pé mo sùn títí oòrùn fi wọlé bá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin náà.

Ṣakí ni mò ń gbé. Mo ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí mo fi ń kó iṣu láti Kòmu. Gọ́tà kan la títì kọjá níwájú ilé Ìyá Ológì, opó àgbàlagbà kan ládùúgbò wa. Kò sí awakọ̀ tí kì í gbẹ́sẹ̀ sókè kúrò lórí tọ́tù níbẹ̀ kí ọkọ̀ lè rọra kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ mi máa ń kú sí. Ìyá á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ràfíù. Ó tún ti dákẹ́?"

Onínúfùfù ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti ọkọ̀ náà nínú òjò, mo pariwo pé, "Ojú obìnrin yìí ló ń pa mọ́tò mi! Àjẹ́ ni!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Háà, ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Wọn ò ra ògì rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n á máa ṣe aúsù bílà lábẹ́nu kí ibi má bàa kàn wọ́n.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nílé, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo gbọ́ fììì, bí ẹni ń súfèé láàárín eyín. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo ń kán an sórí àwọn róbà tí atẹ́gùn ń gba inú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe kan ọ̀kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, róbà náà fa omi ọṣẹ mu, ìró ọkọ̀ sì yí padà. Ó ti sán! Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo fi tuntun sí i, mo dè é pinpin, mo wá ń yí ìdè kékeré tó ń ṣètò sìló, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tí a kò tẹ tọ́tù, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dún jẹ́jẹ́. Kò kú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyàwó mi ní, "Alihamudulilahi, àdúrà tí Alùfáà ṣe sí ọkọ̀ yìí ti gbà." Mo fi róbà tó sán náà pamọ́. Ojú ló ń tì mí, ẹ dákun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Ìyá tó ń da odidi garawa ògì tó ti kan jù sínú gọ́tà. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo lọ wá róbà àtijọ́ yẹn, mo mú un lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún un látòkèdélẹ̀. Ó yí róbà náà lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èyí ni àjẹ́ náà? Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ariwo lo fi sọ ọ́, Bàbá Ràfíù. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lo wá fi ń bẹ̀bẹ̀?"

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń dúró níwájú ilé rẹ̀ báyìí láti ra ògì, mo sì máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa dún, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò kú. Lánàá, obìnrin kan gbé abọ́ tirẹ̀ náà wá. Ayọ̀ mi pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò tí kò lè ka èyí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde jẹ́wọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, àbí kí n lọ dúró létí gọ́tà yẹn, níbi tí mo ti pariwo lọ́jọ́sí? Ọkọ̀ mi ò ní kú níbẹ̀ mọ́. Ohùn mi ni mò ń bẹ̀rù kó má kú.