Èmi Ni Mo Tẹ Káàdì Náà, Kì í Ṣe Wàhábì

Ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ̀yin ìyá mi ní Ìlàjẹ, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé láàárín yín ka ìwé yìí sí yín létí. Èmi Rọ̀kíbátù, ọmọ-ọmọ Alájì Ràmọ́nì onítẹ̀wé, ni mo kọ ọ́. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí ẹ bá wọlé, màá kúnlẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá sì wolẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní, "Ọmọ yìí mà ní ìtìjú o, kò tilẹ̀ lè la ẹnu." Ìtìjú yẹn ni mo fi bo ara mi láti ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì tó gẹ́ẹ́. Òtítọ́ tí mo gbé mì ti há mi lọ́fun, bí n kò bá pọ̀ ọ́ lónìí, yóò pa mí. Ẹ má retí ohùn jẹ́jẹ́ o. Inú ń bí mi. Mo ń bínú sí ara mi, mo ń bínú sí Japhet, mo sì ń bínú sí ẹ̀yin náà, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Ẹ kò lè gbàgbé ọdún tí àwọn ṣọ́jà pààrọ̀ àwọ̀ náírà. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni rédíò sọ pé owó ọwọ́ wa kò ní í pẹ́ di bébà lásán. Wọ́n ti ẹnubodè pa, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fún wa. A tò síwájú báńkì láti ìdájí, ṣọ́jà ń fi kòbókò na ẹni tó bá yẹsẹ̀ kúrò lórí ìlà. Owó àtijọ́ wọlé, owó tuntun kò jáde. Ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà Bàrígà, ẹja ń rà mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́ nítorí kò sí ẹni tó ní owó tí yóò fi rà á. Ní Ṣómólú níbí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà, ebi sì ń pa àwọn tó ń ṣe é. Nígbà náà ni Màmá Mojíbọ́lá, ìyẹn Ìyá Dọlápọ̀, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, wá bá Bàbá mi àgbà. Ó ní, "Alájì, ẹja mi ò lè dúró de ṣọ́jà." Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká tẹ tiwa." Bí káàdì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: páálí pupa rúsúrúsú, ẹyọ kan dúró fún náírà kan láàárín àwa àti Ìlàjẹ. Ẹni tó bá gbé ẹja wá á gba káàdì, á fi ra gààrí, á fi san owó ilé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni a tẹ̀. Bàbá tú lẹ́tà òjé tí a fi tẹ̀ ẹ́ ká lójú gbogbo àgbà, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó parí. Káàdì yìí kò ní í bímọ."

Àwọn àgbà lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo èmi tí mo wà lórí àpótí. Bàbá kò rán mi nílé-ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé, láti ara lẹ́tà òjé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ojú sí. Ohun tí mo bá ti rí lẹ́ẹ̀kan, mo lè tò ó láìwòwé. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Wàhábì ló kọ́ mi. Ọmọ Ìlaròó ni, kò ní ará kankan ní Èkó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀rọ Bàbá láti ọdún mẹ́wàá. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Rọ̀kí aláìfọhùn, bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n lẹ́nu rẹ, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ sọ ọ́." Bí kò bá sí iṣẹ́, á ní kí n gun orí ẹ̀rọ, á máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin kò mọ̀. Lójú tiyín, obìnrin kì í tẹ ẹ̀rọ.

Inú ààwẹ̀ ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń fi omi àti gààrí ṣínu. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé lọ kírun, mo to lẹ́tà káàdì náà padà, mo tẹ ogún. Ìrẹsì àti mílíìkì ni mo fi rà, lọ́dọ̀ Japhet tó ń ta bébà ní Fádèyí, ẹni tó ti ń ta oúnjẹ mọ́ ọn nígbà tí oúnjẹ di ohun ìṣúra, tó sì ń gba káàdì wa. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kí ẹ káàánú mi nítorí Bàbá? Rárá o. Ogún yẹn nìkan ni mo ṣe fún un. Oníbébà ni Japhet, ó fi àtàǹpàkò nu ojú káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Rọ̀kí, eléyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú iná ni. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ." Mo yí padà láti sá. Ó ní, "Má sá. Ìwọ nìkan lo gbọ́n nínú ilé yẹn, mo ti ń wò ọ́ tipẹ́." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ya òmùgọ̀ tó: ó dùn mọ́ mi. Kò sí ọkùnrin tó sọ fún mi rí pé òun ń wò mí. Mo ní, "Bùrọ̀dá Japhet, ẹ̀rù ń bà mí." Ó ní, "Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣé o jalè ni? Bébà lásán ni. Ìjọba ń tẹ tiẹ̀, ta ló mú un? Èmi á máa gbé páálí wá, ìwọ máa tẹ̀. Bó bá pé ọdún kan, a ó gbéyàwó."

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni, láti aago kan títí di bíi aago mẹ́ta, lójú ọ̀sán gangan. Japhet á kó káàdì náà lọ sí Ìlàjẹ, á fi ra ẹja gbogbo apẹ̀rẹ̀, á gbé e lọ tà ní náírà níbòmíràn. Ẹja lọ, bébà dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnìkan ká mi mọ́ ọn. Wàhábì gbàgbé tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó padà láti ojú ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó sì bá ẹsẹ̀ mi lórí ẹ̀rọ. Mo fi aṣọ bo ohun tí mo ń tẹ̀. "Kí lo ń tẹ̀?" Mo ní, "Ìwé ìpè ìgbéyàwó." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tìẹ ni? Ẹsẹ̀ rẹ mà ti dáńtọ́ o, ó kù díẹ̀ kí n máa pè ọ́ ní ọ̀gá." Ó mú tẹ̀sùbáà, ó lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lákọ̀ọ́kọ́, káàdì kan ra ẹja yíyan méjì tó sanra. Kí ọdún tó yípo, káàdì mẹ́ta ni fún ẹyọ kan. Àyúbà tó ń ta òwú àwọ̀n ń béèrè káàdì púpọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwọn onígi ìdáná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè sì gun Ìlàjẹ lórí. Ìyá Dọlápọ̀ ta yẹtí wúrà rẹ̀. Ó wá kí Bàbá, ó jókòó ti èmi náà lórí àpótí, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ṣọ́jà yìí ti ba ayé jẹ́. Owó wọn ò dúró, káàdì wa náà ò dúró." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ẹ gbọ́ mi bí? Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni mà!

Ìgbà tí rédíò ń pariwo lórí owó tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba yá lókè òkun, tí gbogbo ìlú ń jiyàn bóyá ká gbà tàbí ká kọ̀, ìgbà yẹn ni Ìlàjẹ náà pe ìpàdé síwájú ilé wa. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé káwọn jáde nínú káàdì, káwọn máa ta ẹja ní náírà, tàbí káwọn dúró? Bí wọ́n bá jáde, gbogbo káàdì ọwọ́ wọn di ilẹ̀, gbèsè wọn kò sì ní í di ilẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, ẹja wọn á máa lọ lófo. Àyúbà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀: "Ìjọba ń bèèrè bóyá kí òun jẹ gbèsè, ẹ̀yin ń bèèrè bóyá kí ẹ san tèmi!" Ìyá Dọlápọ̀ ní, "Àyúbà, gbé ẹnu ẹ jìnnà síbí. Ṣé àwọ̀n ẹ ló ń bá mi yan ẹja ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan ní ká ka káàdì tó wà nílẹ̀ ká tó pinnu. Gbogbo yín da tiyín sórí ẹní. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni a tẹ̀. Ohun tó wà lórí ẹní lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ̀rín tán. Ìyá Dọlápọ̀ dìde, kò pariwo, ó ní, "Alájì, ẹ ní káàdì yìí kò ní í bímọ."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tún káàdì náà kà fúnra rẹ̀. Àyúbà ló kígbe pé, "Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ ẹ̀rọ nílé yìí?" Ojú gbogbo yín yí sí Wàhábì. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Ọdún mẹ́wàá, Bàbá." Ìyá Dọlápọ̀ wá yíjú sí èmi. "Rọ̀kí ọmọ mi, ìwọ kì í sọ̀rọ̀, o ò sì lè purọ́. Má da ara rẹ láàmú, má la ẹnu. Ṣé o rí Wàhábì nídìí ẹ̀rọ yẹn nígbà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi orí dá mi lóhùn." Japhet wà ní òdìkejì títì, ó ń jẹ igi ìṣáná lẹ́nu, ó ń wò mí. Mo gbé orí sókè, mo sì tẹ̀ ẹ́ ba. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti tẹ káàdì èké ẹgbẹ̀rún méjì àti ohun tó lé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó burú tó orí tí mo tẹ̀ ba yẹn. Wàhábì wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ó rántí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ní, "Rọ̀kí, ó dáa."

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, tí ẹ lu káàdì ní ihò, tí ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn láti Ṣómólú dé Bàrígà! Èwo nínú yín ló bèèrè ìgbà tí wọ́n tẹ káàdì náà? Èwo ló bèèrè bóyá Wàhábì pa ìrun Jímọ̀ jẹ rí? Ẹ bá a dúró nínú sàfù ìrun kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ọmọ Ìlaròó ni, kò ní bàbá níbí, ìyẹn ti tó ẹ̀rí fún yín. Ẹ fà á lé ṣọ́jà lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò nà mọ́. Ìlàjẹ jáde nínú káàdì lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè Àyúbà ní náírà tí wọn kò ní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá rán mi lọ bẹ Ìyá Dọlápọ̀. Mo bá a nídìí ààrò, ó ń fi káàdì dáná, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó ń jó dáadáa. Ẹja tí mo fún wọn ni mo tún fi ń yan ẹja." Ó wá fọwọ́ gba orí mi, orí tí mo fi purọ́ fún un. "Ìwọ nìkan lo sọ òtítọ́ fún wa." Ó di ẹja méjì fún mi. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sùn.

Japhet kò fẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fádèyí ti di ilẹ̀kùn mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tà. Bó bá ní irọ́ ni mo pa mọ́ òun, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí owó ilẹ̀kùn méjì yòókù. Ní oṣù tó kọjá, Bàbá mi àgbà kú. Títí dé orí ẹní ikú ló ń ṣépè fún Wàhábì, èmi ni mo ń bu omi fún un mu, n kò gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Wàhábì wá. Ó dúró sí ẹ̀yìn gọ́tà, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti ṣe àmín. Ẹ rí i, ẹ fi ìgbálẹ̀ àti òkúta lé e. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Bàbá mi náà ni, ẹ jọ̀ọ́." Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọlé sí mi lọ́fun mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá, màá ní kí àwọn alábàárù gbé ẹ̀rọ náà síta. Lójú gbogbo yín, màá to lẹ́tà káàdì náà láìwòwé, màá fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè rí ẹni tó ni ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà yóò gbé e lọ. Wàhábì ni kó kọ́kọ́ mú nínú owó rẹ̀, ìyókù di ti àwọn obìnrin Ìlàjẹ. Mo mọ̀ pé kò ní í tó. Ẹni tó bá fẹ́ lù mí, kó bọ́ síta, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gba Onípánu kọjá, níbi tí Wàhábì ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ọmọlanke, kó sì kúnlẹ̀ fún un lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń yìn pé ẹ kì í sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyìn yẹn dùn mọ́ yín. Mo dákẹ́, wọ́n pè mí ní olóòótọ́. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Mo kàn ń bẹ Ìyá Dọlápọ̀ pé kó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lọ́jọ́ Àìkú, lójú Wàhábì. N kò ní í fi orí dáhùn. Màá la ẹnu.