Ohùn Tí Mo Gbé Dípò Ohùn Màmá Àbẹ̀ní

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, torí ó ti ń pa mí látinú. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ agboolé wa ní Bẹyẹrunka, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Màmá Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀ kiri, ẹ dákun, ẹ fi olóògbé sílẹ̀. Èmi Hikmat ni mo ṣe é.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo ṣe wẹ́bùsáìtì ilé wa. Fọ́tò àwọn baba wa wà níbẹ̀, àti ohùn Màmá, àgbà nínú àwọn ìyàwó ilé, tó ń ki oríkì wa. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Àmọ́ sáìtì yẹn wúwo! Mọ́gàjí wa, Alhaji Fàsásì, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé: "Hikmat, mo tẹ nǹkan ẹ yìí, mo lọ ṣàlùwàlá, mo kírun, mo dé, ó ṣì ń yí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Mo bá sọ àwọn fọ́tò di kékeré. Mo ṣe é kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má tíì jáde àfi téèyàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó yá ju tàtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Kí n dúró síbẹ̀, rárá, ìyìn ni mo ń wá. Mo tún fún ohùn Màmá pọ̀ kó lè fúyẹ́. Mi ò tọ́jú ẹ̀dà kankan! Mo fi kékeré rọ́pò ńlá, mo sì ti pa ti inú fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ kan ò já geere.

Qúdrát, ọ̀rẹ́ mi, ní, "Lọ jẹ́wọ́ fún wọn." Mo ní, "Kí wọ́n wá lé mi nílé?" Mo tilẹ̀kùn, mo mú ohùn mi há, mo húkọ́ bí Màmá ṣe máa ń húkọ́, mo ki oríkì náà fúnra mi. Ibi tí mi ò mọ̀, mo fi oríkì ilé tó kángun sí wa dí i, mo sì gbé e sórí sáìtì bí ohùn Màmá. Ìkà ni mí. Sáìtì ń ṣí wàràwàrà, wọ́n ń yìn mí. Bàbá Adégòkè, ọmọ Màmá, ń gbọ́ ọ láràárọ̀, omijé ń dà lójú wọn: "Ìyá mi rèé."

Títílayọ̀, ìyàwó tuntun, kọ́ oríkì látorí ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tó kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ń ki ọmọ. Bó ṣe débi tí mo fi ti ilé kejì dí, àwọn ìyá pariwo: "Ìyàwó, oríkì ilé ta nìyẹn? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá Àbẹ̀ní ni, mà." Ó tẹ fóònù, gbogbo wọn gbọ́.

Ìyá kan fi imú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀hẹ̀n! Ọgọ́ta ọdún nílé ọkọ, ilé kejì lọkàn ẹ̀ wà. Adégòkè, ṣé o mọ bàbá ẹ báyìí?"

Bàbá Adégòkè dìde. Wọ́n wá bá mi níbi tí mo dúró sí. "Hikmat, bá mi yọ ohùn ìyá mi kúrò níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Mo sì yọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ tọ́jú ojúlówó kẹ́ ẹ tó dín nǹkankan kù. Tó bá sì bà jẹ́, ẹ sọ pé ó bà jẹ́. Bàbá Adégòkè, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Ní Sọ́ńdè, nípàdé, màá kúnlẹ̀, màá ki oríkì yẹn lójú gbogbo ilé, tikọ́tikọ́, tàṣìṣetàṣìṣe, kí wọ́n lè gbọ́ pé ẹnu mi ló ti jáde. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, èmi ni kí wọ́n bú.