Jáàmù Máńgòrò Tí Bàbá Bọ́lá Béèrè

Nígbà tí eegun mi ṣì le, Tiwa ọmọ ọmọ mi, a kì í ra jáàmù. Ta ló fẹ́ rà á? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mi sí, bí máńgòrò bá dé, ilẹ̀ ló ń kún, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tì. Ìyá mi ò fẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e kúrò lára kóró, wọ́n á gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Èmi ni mo máa ń ro ó. Gbọ́ o, ó máa ń ta síni lọ́wọ́! Bí mo bá ní apá ń ro mí, ìyá mi á ní, "Ṣadé, má dúró o. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó tán nìyẹn."

Ìgbà tí mo wá fẹ́ bàbá Bọ́lá ìyá rẹ, tí iṣẹ́ ìjọba gbé wọn wá sí Àbújá níbí, mo ń sè é lọ́dọọdún. Òun ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ìsinsìnyí... èyí tó pupa fòò bí ọ̀dà lẹ ń pè ní jáàmù. Ó dáa náà.

Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ṣíwọ́. Ọdún méje, Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Àìsàn wá dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Ẹ̀kọ, rárá. Ọbẹ̀ ẹja, rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣé jáàmù máńgòrò rẹ yẹn ṣì wà?"

Nínú ọyẹ́! Níbo ni mo ti fẹ́ rí máńgòrò? Síbẹ̀ mo wọkọ̀ láti Durumi níbí lọ sọ́jà Utako. Mo yí ọjà náà po. Màlámù tó ń ta èso ní, "Kai, Màmá! Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ lọ ná." Ọ̀pẹ̀yìnbó ni mo rà bọ̀.

Mo dúró ti gáàsì, mo ń ro ó. Mo ní kí n jókòó díẹ̀... oorun gbé mi lọ. Òórùn ló jí mi. Ìdí ìkòkò ti dúdú. Tiwa, mo sunkún bí ọmọdé. Mo bu ti òkè, mo fi pa búrẹ́dì, mo gbé e lọ bá wọn.

Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Èyí jóná."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Bọ́lá. Kì í tiẹ̀ ṣe máńgòrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. "Mo mọ̀. Bù sí i fún mi."

Kí máńgòrò tó dé, wọ́n ti lọ. Ìyá rẹ ra apẹ̀rẹ̀ kan wá. Mo ń wò ó lójoojúmọ́, n ò lè bó ẹyọ kan. Àwọn ará ilé kejì la kó o fún.

Kì í ṣe èyí tó jóná ló ń dùn mí. Ọdún méje yẹn ni. Orúnkún ń dùn mí, lóòótọ́. Ṣé n ò lè fìdí lé àpótí kí n máa ro ó ni?

O ní o ti gba ohùn mi sórí fóònù. O ṣeun. Àmọ́ fóònù ò lè ro jáàmù. Ìyá rẹ ò ráàyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é, ẹ̀yin ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń dá mi lóhùn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ń gbádùn ohun kan lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè. Ṣé o gbọ́? Háà... ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.